Ìkíni Tó Ń Jáde Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Sí Ìyá Ghaith, ní Tataouine.

Èmi Ọ̀gá Àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Sfax ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọmọ yín ń ṣe dáadáa gan-an! Kódà, a ti fún un ní oyè tuntun.

Kọ̀ǹpútà kan ló ń kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ètò tá a kọ fún un, a pín àwọn tó ń wọlé sí ẹ̀yà-ẹ̀yà; ara ẹ̀yà òbí, tó ń jẹ́ Ènìyàn, la kọ ìkíni sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olùkọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Àlejò ni ẹ̀yà ọmọ tó jogún ìkíni náà. Ẹni tó bá wọlé, orúkọ ẹ̀yà tirẹ̀ ló ń jáde. Ghaith dá ẹ̀yà ọmọ mìíràn sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì fi Iyadh, akólòlò ilé òdìkejì yín, sínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìkíni. Ẹ ò rọ́gbọ́n!

Àfi bí bàbá Iyadh ṣe bá a wá lọ́jọ́ náà.

"Káàbọ̀, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

"B-b-bàbá, k-kì í ṣe èmi..."

"Panu ẹ dé! Ohun tí mo ní kó o wá kọ́ nìyí?"

Ó gbá a létí, ó sì mú un lọ sílé. Ghaith ń sín àwọn méjèèjì jẹ títí di ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ghaith wọlé.

"Káàbọ̀, Àlejò."

Ọ̀gá Lamjed, olùkọ́ wa, tó ti yọ ọ́ kúrò nínú Akẹ́kọ̀ọ́, ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àlejò kì í jókòó ní kíláàsì," ló wí.

Ìyá mi, ẹ má bínú, èmi Ghaith ni. Ibùdókọ̀ ni mo wà, ara mi le. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ bá mi kí Iyadh náà. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pè é.