Omi Àdúrà Tí Ìjọ Ní Kí O Gbé Gun Òkè Kilimanjáró

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà,
Ọjọ́ Ajé.

Ayọ̀kànmí ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà òjò, torí mo mọ ara mi, bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni náà á gùn títí tákàdá á fi tán, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: gbogbo ìjọ wa ló gbà pé àdúrà lo fẹ́ lọ gbà lórí òkè Kilimanjáró, èmi Mabel ìyá rẹ ni mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ó ti jáde. Wàyí, báwo ni o? Ṣé àlàáfíà lo wà ní Yábàá? Ṣé onílé yín ti tún páípù tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣe? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn tó ò mọ̀ kò ní sùn lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́, owó oṣù rẹ ò ní pẹ́ kó tó wọlé, kò sì ní yá jáde. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Adìẹ tí o ya fọ́tò rẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde ti pamọ, àṣá sì ti ń yọ àwọn ọmọ rẹ̀ wò láti orí òrùlé ilé ìwé.

Lẹ́tà ni mo kọ torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí mo bá ti gbé fóònù sétí, ìwọ á ní Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, èmi náà á ní mo ń gbọ́ ọ, a ó sì máa gbọ́ ara wa bẹ́ẹ̀ títí owó á fi tán lórí rẹ̀. Rilwan ọmọ Alhaja Jemilat tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń bọ̀ wá ra ọjà ní Ládìpọ̀, òun ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, torí Rilwan fẹ́ràn láti ka nǹkan.

Ìwọ náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O pè mí pé ìwọ àti àwọn kan ní ọ́fíìsì yín fẹ́ lọ gun òkè tó ga jù ní gbogbo Áfíríkà, ní Tàǹsáníà, pé ẹ ó lò tó ọ̀sẹ̀ kan lórí rẹ̀, inú àgọ́ lẹ ó máa sùn, oúnjẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ wù yín jẹ, ọ̀gànjọ́ òru lẹ ó sì dìde gun èyí tó kù kí oòrùn lè yọ bá yín lórí ibẹ̀. Ọmọ mi, fi etí tèmi gbọ́ ọ wò. Òkè, àgọ́, ebi, ọ̀gànjọ́ òru. Kí ni kí n tún rò? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó lọ fi ebi sùn lórí òkè tí kì í ṣe pé ó ní ohun tó fẹ́ bá Ọlọ́run sọ. Mo ké halelúyà, ìwọ sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé ayọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo gba ilé Wòlíì Joshua lọ. Ó ní ṣé òkè yẹn ga ju èyí tí ìjọ wa máa ń lọ ni, mo ní ó kọjá ìkùukùu, yìnyín sì wà lórí rẹ̀. Wòlíì dìde dúró. Ó ní a jẹ́ pé kò ní sí nǹkan kan láàárín ọmọbìnrin yẹn àti ìtẹ́ Ọlọ́run mọ́. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e ló kéde rẹ lórí pẹpẹ, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀ràn tó le pọn omi sínú ìgò kó kọ orúkọ sí i lára, ìwọ á gbé e dé téńté òkè, wàá gbàdúrà sí i, wàá sì gbé e padà wálé kí olúkúlùkù mu díẹ̀ kó fi ìyókù wẹ̀.

Ayọ̀kànmí, omi ti gba yàrá rẹ nílé níbí. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mo to wọ́n sí. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ wà níbẹ̀, Bàbá Sùnmọ́nù sì gbé odindi kẹ́ẹ̀gì wá, ó ní ọ̀ràn òun ò lè gba inú ìgò. Alhaja Jemilat náà gbé tirẹ̀ wá, ó ní Ọlọ́run kan náà ló ni òkè, àmọ́ kí o dákun má ṣe to tòun mọ́ ti orogún òun nínú bàágì, torí àwọn méjèèjì ò jọ ń ṣe nǹkan pọ̀.

Gbogbo ìyẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ti Ìyá Abọ́dúndé ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. O rántí Abọ́dúndé bíríkìlà, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ lọ sílé ìwé nígbà tí o wà ní kékeré. Ọ̀kadà gbá a ṣáájú Kérésìmesì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n fi irin sí i ní ilé ìwòsàn ní Iléṣà, wọ́n sì ní kó máa padà wá kí wọ́n máa wo ojú ọgbẹ́ náà. Láti ọjọ́ tí Wòlíì ti kéde rẹ, ìyá rẹ̀ ò gbé e lọ mọ́. Ó ní omi Kilimanjáró lòun ń dúró dè. Mo ní ṣé kò ní kọ́kọ́ máa gbé e lọ títí ìwọ á fi dé ni, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní bí òun bá tún ń sáré tọ dókítà lẹ́yìn, Ọlọ́run á rò pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ní òótọ́ ni. Ìwọ wo irú ẹnu tí mo ní.

Ǹ bá ti sọ òtítọ́ nígbà tí mo wá sí Èkó. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Christabel ní Èbúté Mẹ́ta ni mo dé sí, òun ló mú mi wá sí pápá ìṣeré Súrùlérè ní àárọ̀ Sátidé, ó ní kí n wá wo ohun tí ọmọ mi ń fi ìsinmi ṣe. Mo rí ọ tí o gbé bàágì ńlá sẹ́yìn bí ẹni tí ogun lé kúrò nílùú, o gun àtẹ̀gùn dé òkè, o sọ̀kalẹ̀, o tún gùn ún. Mo bi ọ́ pé kí ló wà nínú bàágì, o ní píọ̀wọ́tà ni. Mo ní ta ló fẹ́ mu ún, o ní kò sẹ́ni, kí ẹrù lè wúwo ni. Mo wá ibì kan jókòó. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Fọ́ọ̀mù Wan ni mo ti ń ru iṣu sọ̀kalẹ̀ láti oko orí òkè, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé eré ìdárayá ni, ǹ bá ti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Èkó kí wọ́n wá máa bá mi rù ú. Christabel fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní Mabel, pa ẹnu dé, ní Èkó ńbí, ẹni tó ń jìyà lọ́fẹ̀ẹ́ là ń pè ní tálákà, ẹni tó sanwó kó tó jìyà, ọ̀gá ni.

Nígbà tí a dé yàrá rẹ ní Yábàá, o kó ẹrù ìrìnàjò sílẹ̀ hàn mí. Ọ̀pá méjì fún ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ ìyá mi àgbà ò lò ju ẹyọ kan lọ dọ́jọ́ ikú. Àpò tí ẹ máa wọ inú rẹ̀ sùn, tí ẹ ó fa sípì rẹ̀ dé ọrùn, mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, mo sì gbàdúrà sí i kí n tó jẹ́ kí o ká a padà. Nǹkan kékeré tó ń há ìka bíi pẹ́ẹ̀gì aṣọ, tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe kù sí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, o fi sí mi níka, ó gbé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún jáde, o ní ó dára gan-an. Mi ò sọ ohun tó ṣe mí fún ọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé, mi ò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti sọ fún bàbá rẹ, mo ti sọ fún olùkọ́ àgbà. Aago tó ń ka ìṣísẹ̀ náà, tí o fi sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń din dòdò fún yín, gbọ̀n jìgìjìgì, o ní ó ń kí mi kú iṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé mo dúpẹ́. Kò fèsì, ó jọ pé onítìjú ni.

Lẹ́yìn náà ni Débọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ dé, ẹ sì pe afinimọ̀nà yín lórí fídíò, ọkùnrin Tàǹsáníà yẹn tó de fìlà onírun. Ẹ̀yin ń túmọ̀ fún mi. Ó ní ẹ máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa mu omi, ẹni tí orí bá ń fọ́ kó tètè sọ, bí òun bá sì ní kí ẹnìkan padà, padà náà ni, òun kì í dúró wò ó bóyá yóò sàn. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Abọ́dúndé lójú ẹsẹ̀. Mo mu omi, mo dákẹ́.

Ti ìńṣọ́ránsì nìkan ni mi ò dákẹ́ sí. Ẹ ní ẹ ti san owó tí hẹlikópítà á fi wá gbé ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá. Mo ní kí ẹ gba owó náà padà, kí a má fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Débọ̀ ní Mọ́mì, láìsí i wọn ò ní jẹ́ ká gùn ún, orúkọ yín gan-an ni Ayọ̀kànmí kọ síbẹ̀ bíi ẹni tí wọ́n máa pè. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà. Bí mo ṣe délé ni mo lọ bá olùkọ́ àgbà pé kó jẹ́ kí wọ́n ro pápá ilé ìwé, kí hẹlikópítà lè ríbi bà sí bí wọ́n bá gbé ọ wá fún mi. Ó wò mí títí, àmọ́ wọ́n ti ro ó.

Nígbà tí Débọ̀ lọ, mo bi ọ́ pé kí lẹ fẹ́ gbàdúrà fún lórí òkè yẹn gan-an. O ní Màmá, kì í ṣe àdúrà o, a kàn fẹ́ dé ibẹ̀ ni. Mo ní kí ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ ṣe kí ni. O ní kí á ṣáà dé ibẹ̀, kí á ya fọ́tò, kí á sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ti àwọn ìgò fún ọ. Mo ní kí o bu ìrẹsì sí i fún mi.

Nígbà tí mo padà délé, Wòlíì ní kí n wá jẹ́ ìjọ lábọ̀. Mo dìde, mo ní ọmọ ń múra gidigidi, ó ti ń gbé ẹrù gòkè sọ̀kalẹ̀, kì í sì í jẹ ẹ̀bà lálẹ́ mọ́. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀, àbí ó wà? Ìjọ pariwo. Wòlíì ní ẹ ò rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ní àná, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún Abọ́dúndé. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ẹsẹ̀ náà ti pàdé mi. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Abọ́dúndé ní kí n jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti wo Kilimanjáró yẹn lórí fóònù Rilwan, òyìnbó tó wọ awò dúdú tó ń jẹ ṣokoléètì lòun rí níbẹ̀, òun ò rí ẹnìkan tó kúnlẹ̀. Ó ní Mọ́mì, ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀? Mo ṣí ìdérí abọ́ ọbẹ̀, mo tún dé e padà. Ó ní òun ti sọ fún ìyá òun, ìyá òun ní èṣù ló ń lo fóònù. Ó ní bí kì í bá ṣe láti ẹnu èmi Mabel fúnra mi, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ tí ìyá òun yóò gbà, ẹsẹ̀ òun ò sì lè dúró de ẹni tó ń lọ ya fọ́tò.

Mi ò bínú sí ọ. Mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, bóyá èmi náà ni. Ó dùn mọ́ mi nínú bí wọ́n ṣe ń kí mi nínú ìjọ, ìyá ọmọ orí òkè, wọ́n ń fún mi ní àga iwájú, èmi tí mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, má wá kó omi kankan. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, owó mọ́tò dé Iléṣà àti ti ilé ìwòsàn, torí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò lè kọjá ti ìgbà àkọ́kọ́, iye tí agbára rẹ bá ká, má fi sínú báńkì o, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó níbí ti gbé káàdì mi mì, ó sì ń kọ̀wé pé kí n fara balẹ̀, mo sì ti ń fara balẹ̀ láti Tọ́sìdeè. Rilwan ni kí o kó o fún. Bí o bá dé orí òkè tí kò bá ni ọ́ lára, pe orúkọ Abọ́dúndé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ya fọ́tò yín. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òtútù ibẹ̀ ò ní mọ orúkọ rẹ. Èémí rẹ ò ní tán lọ́nà. Bí afinimọ̀nà bá ní kí o padà, Ọlọ́run á fún ọ ní etí ìgbọràn, bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ gùn ún, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ sọ̀kalẹ̀, ojú mi á sì rí ọ láyọ̀.

Lọ́la, kí Ìyá Abọ́dúndé tó gbálẹ̀ tán, mo máa wà ní iwájú ilé rẹ̀. Mo máa sọ ọ́ fún un lójúkojú, bó bá fẹ́ kó gbá mi létí, bó bá fẹ́ kó pariwo kí àdúgbò wá, mo máa dúró níbẹ̀ títí yóò fi ṣe tán, lẹ́yìn náà èmi pẹ̀lú rẹ̀ á gbé Abọ́dúndé sínú mọ́tò Iléṣà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mabel.