Ọ̀dà Lásán Kò Dá Táyà Dúró

Akọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ-ọmọ mi. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ sí báńkì. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń yí po rèé: wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá rẹ. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe, ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gan-an ló sì wà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ya bàrá kọjá ilà, tó gbá a. Ọ̀dà funfun lásán ni wọ́n fi pààlà níbẹ̀. Ìsinsìnyí ni wọ́n wá ń to kọnkéré sí i, lẹ́yìn tí igi ti dá, tí ẹyẹ ti fò.

"Má sọ fún un o," ni bàbá rẹ wí lórí ibùsùn. "Òun ló ra kẹ̀kẹ́ náà fún mi. Á ní òun ló ṣe mí." Ìdí nìyẹn tó fi ń parọ́ fún ọ lórí fóònù pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé ni.

Ẹ̀bùn rẹ kọ́ ló ṣe é, ọmọ mi. Ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yẹn débi pé ó ń fọ̀ ọ́ ju aṣọ rẹ̀ lọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Bó o bá tún pè, jọ̀ọ́, má bèèrè kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o bèèrè. Irọ́ pípa ti sú u.

Èmi ni,
Ìyá rẹ