Ta Ló Ń Yí Onílàjà?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Púlọ́ńbà tún dé láti yẹ ẹ̀rọ tó ń da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù nílé ìwẹ̀ wa wò, kí omi má baà bó àwa arúgbó lára. Onílàjà ni mo ń pe ẹ̀rọ náà. Ó ti omi tútù pa; gbígbóná náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: bí tútù ò bá sí, gbígbóná ò gbọdọ̀ dá wá. Ó tún ní ẹnì kan ti yí i síbi tó gbóná ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ; ó dá a padà sípò.

Ẹnì kan! Ta ni ẹnì kan ọ̀hún, bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀? Èmi àti Ọ̀gá Àgbà nìkan la ń lo ilé ìwẹ̀ yìí — ọkọ mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Omi tún jó mi lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo lọ bá Alákòóso ilé arúgbó tí à ń gbé yìí. Ó dìde dúró kó tó dáhùn: ààbò àwọn olùgbé ló jẹ àwọn lógún, lójoojúmọ́, nígbà gbogbo, láìsinmi. Mo ní ṣé púlọ́ńbà mọṣẹ́? Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí "ààbò". Ká ní àròkọ ni, ǹ bá fi gègé pupa fagi lé gbogbo rẹ̀.

Púlọ́ńbà padà wá tún un ṣe, ojú rẹ̀ le. "Mà, ṣé ẹ rò pé inú mi á dùn bí omi bá bó yín ni?" Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó ṣá. Iṣẹ́ tí ò tán kì í jẹ́ kí ebi pa oníṣẹ́.

Ọ̀gá Àgbà gbèjà rẹ̀: "Ìyá wọn, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre. Omi yẹn gan-an tutù jù." Bí mo bá ní ojúmọ́ mọ́, á ní ilẹ̀ ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí Onílàjà dé ara páìpù. Bí wọ́n bá yí orí rẹ̀, ìlà á já. Ká wo ẹni tó gbọ́n jù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ìlà ti já! Púlọ́ńbà ò sì wá. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Olè wo ló ń wọlé tí ò mú nǹkan kan, tó kàn ń fún wa lómi gbígbóná?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo ní mò ń lọ kí aládùúgbò. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yí padà.

Ọ̀gá Àgbà ni. Ó jókòó sórí àpótí nílé ìwẹ̀, sípánà lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú bàsíà — ooru ń rú túú. Ojú ò tiẹ̀ tì í. Ó ní púlọ́ńbà yẹn ò mọṣẹ́: òun yí i, yí i, omi ò lọ́ wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀.

Mo ti ọwọ́ bọ omi náà. Mo fà á yọ kíá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n fòò, kò sì ráhùn. Mo gbé e jáde, mo da omi tútù lé e, ó pẹ́ kí n tó dáwọ́ dúró. Mo ní kó dijú, kó sọ fún mi bí mo bá ti fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kíkankíkan.

Ó dijú pinpin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé tó ń ṣeré. "Ó yá, Ìyá wọn," ló wí. "Kí lò ń dúró dè?"