Mo Rí Wọn ní Moniya

Ìjàyè,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì, ẹ sì kú ìtọ́jú Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi. Ara mi le. Ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní kí n lọ sinmi ná, n kò sì bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí wọn! Àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí! Moniya ni wọ́n ti ń pàdé, nínú kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì tó rán ọgbẹ́ iwájú orí mi ló júwe ibẹ̀. Ẹ má fòyà, ọgbẹ́ náà ti ń jinná.

Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan yọjú, ó ní, "Wọlé, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹnìkan ni mo wá wá, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun témi náà sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn."

Mo wọlé. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní, "Títíladé lorúkọ mi. Ọtí ti borí mi." Kò sẹ́ni tó ṣe háà. Nimotallahi, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣáṣá, sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Jókòó tì mí, jàre. Mo ti rò pé èmi nìkan lobìnrin tí yóò máa wá síbí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Orin ni mo ń kọ nínú ọkọ̀ bọ̀ wálé!

Ẹ bá mi kí bàbá ilé. Ẹ bá mi kí Moyọ̀sọ́rẹ. Bí inú bá ṣì ń bí i sí mi tí kò dáhùn, ẹ má bá a wí. Ẹ ṣáà tún kí i.

Àbúrò yín,
Títíladé