Òkú Tó Di Ilẹ̀kùn Mú

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáí.

Òkú ọmọdé kan ni mo wẹ̀ lónìí nítòsí Ọjà Igbó. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn káfúrà tí a fi ń wẹ òkú.

Nígbà tí mo délé, Rófíà ọmọ mi ń gbá géèmù lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan ló ń sá kiri nínú ilé dúdú, ebi ń pa á, àwọn kan ń dọdẹ rẹ̀. Ó dé ìdí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí àfi tí nǹkan wúwo bá tẹ bọ́tìnnì tó wà nílẹ̀. Ni Rófíà bá wọ́ òkú ọmọ kan tó wà nínú géèmù náà lẹ́sẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnnì náà.

Mo pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Géèmù lásán ni, kò sì sí ọ̀nà míì."

Ta ló tiẹ̀ jókòó ro irú èyí? Èmi tí mo máa ń bẹ òkú kí n tó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́...

Mo ní kó gbé òkú ọmọ náà kúrò, kó tẹ́ ẹ dáadáa.

"Ilẹ̀kùn á tì, wọ́n á sì pa mí."

Mo ní kó máa tì.

Ó gbé e kúrò, ilẹ̀kùn tì, wọ́n sì pa ọmọbìnrin náà lóòótọ́. Igbe rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ọmọ gidi. Rófíà wò mí, kò sì jẹun alẹ́.

Èmi ni mo ní kó máa tì.