Lórí Ọ̀rọ̀ Gọ́tà Ilé Rẹ ní Òrégùn

Òkè-Àpáta, Èkìtì.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 2002.

Olútóyìn, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ Aláúsá ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọ̀gá yín ṣì ń rántí pé ènìyàn ń jẹun kí oṣù tó parí? Ọlọ́run tí kì í gba ríbá ni yóò máa ṣọ́ ọ. Mọ́tò Èkó kò ní rí ọ, gbájúẹ̀ Èkó kò ní mọ orúkọ rẹ, ẹni tó bá gbẹ́ kòtò dè ọ́ ni yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí o bá béèrè wa, ara wa le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, àti ìyá rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá jókòó.

Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí tẹlifóònù Tíṣà Ọláwọlé ní ọjọ́ Sátidé. Ṣé o mọ̀ pé tẹlifóònù yẹn kì í gbọ́ràn àfi lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè bíi Mósè. Mo gùn ún tán, èémí mi ò tíì balẹ̀, mo gbọ́ tí o ní, Bàbá, kí ló dé tí ẹ sá kúrò nílé mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, kí ló sì dé tí gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Gọ́tà? Mo fẹ́ dáhùn o, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ẹ̀rọ náà sí etí, mo fi etí rẹ̀ sí ẹnu, ọ̀rọ̀ mi ń padà wọ inú mi lọ. Kí Tíṣà tó bá mi yí i, ó ní owó inú rẹ̀ ti tán. Mo gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹyọ kọ́bọ̀ kan ò jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n tó dáhùn, kí n sọ ti ilé fún ọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì jẹ ìwé orin mi láti ojú ewé kìíní títí dé orin ìkórè. Alága káńsù wa wá ṣí ẹ̀rọ omi ní oríta, ó gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, ó fa ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó ní kí a ní sùúrù, omi náà ti wà lọ́nà. Nígbà ìjọba ológun, wọ́n máa ń dé ìkòkò kí wọ́n tó jẹun. Àwọn alágbádá yìí ṣí i sílẹ̀, wọ́n sì pè wá ká wá wòran.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ gọ́tà. Nígbà tí o pè mí pé kí n wá bá ọ ṣọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí ẹ̀kọ́ tí ìjọba rán ọ lọ kọ́ ní Ìbàdàn, mo wá, n kò ṣàròyé. Ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ tó ń fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Gbogbo ìgbà tó bá fun ni mò ń kúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àfi ìgbà tí aládùúgbò rẹ, Àlájì Suara, ará Ìjẹ̀bú tó ti fẹ̀yìn tì, rí mi lórí ìkúnlẹ̀ lójú fèrèsé, tó ní àwọn tó ń ṣe bisikíìtì ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní kí n má bínú, Ọlọ́run á ti gbọ́ ọ náà.

Mo rí lẹ́tà tí o fi há abẹ́ agolo ṣúgà. O kọ ọ́ pé gọ́tà ilé ti jẹrà, kí n wá ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó pọ̀, kí omi má ba ilé jẹ́, o sì fi ìwé ṣẹ́ẹ̀kì há a. Mo wọ agbádá, mo fi àdá kékeré há abẹ́ rẹ̀ nítorí olè, ó di báńkì ní Allen. Ilẹ̀kùn dígí kan gbà mí wọlé, ó sì tì mí mọ́ àárín bí ẹni fi adìẹ sínú àgò, kò jẹ́ kí n wọlé, kò jẹ́ kí n padà. Mo kí i. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Kò dáhùn. Ọ̀gá tó wọ kakí ń bá mi sọ̀rọ̀ láti òdìkejì, ó ní ṣé irin wà lára Bàbá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àdá ni. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà fò sẹ́yìn. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní bí mo bá fi àdá sílẹ̀ lọ gbowó, nígbà wo ni àdá náà yóò wá wúlò? Ṣùgbọ́n mo fi sílẹ̀, nítorí ooru ti ń mú mi nínú dígí.

Ọmọbìnrin tó ń sanwó, Bọ́látitó lorúkọ rẹ̀, ó gbọ́n, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn káúńtà. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé náà, kí n kọ ibi tí mò ń gbé, kí n kọ nọ́ḿbà tẹlifóònù. Mo ní n kò ní tẹlifóònù. Ó ní kí n fò ó. Mo ní rárá o, àlàfo kì í dára nínú ìwé owó, mo bá kọ nọ́ḿbà káàdì ìdìbò mi sí i, nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí ìjọba fún mi láyé mi nìyẹn, kò sì tíì mú ohunkóhun wá fún mi. Nígbà tó ka owó fún mi, mo rí i pé ó jẹ́ tuntun yanranyanran, mo ní owó ta nìyí? Mo mọ owó ọmọ mi, o máa ń ká a sí mẹ́rin láti kékeré. Mo ní kí wọ́n wọ inú ilé lọ wá owó Olútóyìn gan-an jáde, kí wọ́n má gbé wàhálà ẹlòmíì lé mi lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Máníjà fúnra rẹ̀ ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé àdá mi fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo délé, mo jáde síta lọ wo gọ́tà. Ọmọ mi ò purọ́! Gọ́tà iwájú ilé, èyí tó wà lẹ́bàá títì, ti kún fún ẹrẹ̀ dúdú, ọ̀rá píọ́wọ́tà, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ti sanra bí olóṣèlú. Mo gba lébìrà méjì, mo ra búlọ́ọ̀kù, mo ra sìmẹ́ǹtì. A kó ẹrẹ̀, a mọ ògiri rẹ̀ tuntun, a kò sì dúró sí ẹnu géètì rẹ, nítorí mo rò ó pé omi tó bá dúró níwájú ilé Suara yóò padà wá kí ọ, a bá mọ ọ́n kọjá ilé Suara, a mọ ọ́n dé kọ̀rọ̀ títì. Àwọn ará àdúgbò gbé àga wá fún mi, wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù wá, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Gọ́tà. Mo ní kí wọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi ló ni owó. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ ti jáde. Owó náà tán pátápátá, inú mi sì dùn.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe jẹun ọ̀sán tán, òjò dé. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo bí omi ṣe ń sáré nínú gọ́tà mi, kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan nínú ilé bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú agbada. Mo wọlé. Omi ń ṣàn lára ògiri yàrá ẹ̀yìn láti àjà dé ilẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mítà iná kọjá, mítà náà ń ṣe ṣìì, ṣìì, bí ẹja nínú òróró, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri sì ń ṣí kúrò bí èépá ojú egbò. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé, mo wòkè. Olútóyìn, páànù gígùn kan wà ní etí òrùlé rẹ tí n kò gbójú sókè wò láti ọjọ́ tí mo dé. Ó ti dípẹtà, ó ti lu, ó ti já láàárín, gbogbo omi orí ilé ló ń gba ojú ibẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ fúnra rẹ̀ ni, a ó sì gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Ta ló ń gbẹ́ gọ́tà sójú ọ̀run?

Mo figbe ta. Àlájì Suara, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fo fẹ́ǹsì bí ọ̀bọ, fìlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀. Ó fi igi gbígbẹ ti ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà sílẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri yẹn. Èmi gun orí àga, mo fi èjìká gbé páànù náà sókè níbi tó ti já, kí omi lè dà sóde. Mo dúró bẹ́ẹ̀, òjò ń gba ọrùn agbádá wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò jáde. Suara ń kígbe láti ojú fèrèsé pé kí ni kí òun kọ́kọ́ gbé, tẹlifíṣọ̀n ni àbí fíríìjì? Mo ní àpótí ni, àpótí abẹ́ fèrèsé, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ mi ń kó ìwé sí.

Òjò dá. A tẹ́ àwọn ìwé náà sórí ibùsùn kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ìwé ńlá tí wọ́n ya àwòrán ilé náà sí. N kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí tí n kò ní mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Olútóyìn Adébísọ́lá ló ni ilé. Èmi Adébísọ́lá tí mo sọ lójú ìyá rẹ pé obìnrin kì í kọ́lé kó tó lọ́kọ, pé ọkùnrin wo ni yóò kúnlẹ̀ fún ẹni tó ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Èmi tí n kò wá nígbà tí ẹ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tí n kò wá nígbà ìṣílé, tí mo purọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí nígbà tí ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Orúkọ mi lo gbé sórí rẹ̀, o ò bá mi sọ ọ́ rí. Suara wò mí, ó ní ṣé omi òjò ló wà lójú Bàbá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òjò sì ti dá láti bí ogún ìṣẹ́jú.

Mo wá bi òun náà léèrè pé ṣebí ó mọ gọ́tà orí ilé, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń gbẹ́ ilẹ̀ títì? Ó ní ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore kì í dá aláàánú dúró láti bi í léèrè ọ̀nà.

Òun ló mú Gbénró wá láti Agége, ẹni tó ń rọ páànù lẹ́bàá ojú irin. Gbénró wò ó, ó ní bí òjò méjì sí i bá rọ̀, ògiri yẹn yóò wó. Ó tú ti àtijọ́ sílẹ̀, ó rọ páànù tuntun tó nípọn, ó fi òjé lẹ oríkèé rẹ̀, ó sì so ó mọ́ etí òrùlé pẹ̀lú irin. Mo wò ó láti ilẹ̀, mo rí i pé apá kan rẹ̀ wálẹ̀ ju èkejì lọ, mo ní ọ̀gbẹ́ni, wíwọ́ lo so eléyìí, ìwọ náà wò ó! Kò bá mi jà. Ó gun àkàbà pẹ̀lú kẹ́tùlù, ó da omi sí apá òkè, omi náà rìn jẹ́jẹ́ lọ sí apá ìsàlẹ̀, ó gba inú páìpù sọ̀kalẹ̀, ó sì bọ́ sínú gọ́tà títì tí mo mọ. Ó ní Bàbá, ó gbọ́dọ̀ wọ́ díẹ̀ kó tó tọ́. Ó tún ní bí kì í bá ṣe gọ́tà ilẹ̀ tí mo tún ṣe, omi náà ì bá dúró sí ìpìlẹ̀ ilé. Jọ̀wọ́ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì kà á sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Owó tí mo fi san fún Gbénró, owó bàtà ni, èyí tí ìyá rẹ fún mi pé kí n ra irú èyí tó rí lẹ́sẹ̀ ìyàwó àlùfáà wá fún òun láti Ìkẹjà. Ògiri yàrá, èmi ni mo fi ìyókù sìmẹ́ǹtì dí i tí mo sì kùn ún. Ọ̀dà tí Suara yọ̀ǹda fún mi kò bá tìrẹ mu, mo mọ̀, èyí tó kù nígbà tó kun ilé adìẹ rẹ̀ ni. Òjò mìíràn rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo wọ yàrá náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo di ẹrù mi, mo fún Suara ní kọ́kọ́rọ́, mo lọ. N kò sá nítorí owó, Àjíkẹ́. N kò mọ irú ojú tí mo fẹ́ fi wò ọ́ nínú ilé tí mo ti bú kí n tó rí i. Ó rọrùn láti kọ ọ́ ju kí n sọ ọ́ lọ: ilé rẹ dára. N kò yí àdúrà ọkọ padà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀, kó wá bá ọ níbẹ̀, kó sì nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé.

Nǹkan díẹ̀ ni mo ń béèrè báyìí. Rán owó bàtà yẹn kíákíá, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí ìyá rẹ ń gbé ọbẹ̀ tútù fún mi. Rán owó mọ́tò ènìyàn méjì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí a fẹ́ wá lo Kérésì lọ́dọ̀ rẹ, ìyá rẹ sì ní kí o di tòun sọ́tọ̀, òun ò fọkàn tán mi mọ́ lórí ohun tó bá kan owó.

Olódùmarè yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún kún tìrẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jò, ohun tí o bá kó jọ kò ní dípẹtà, ọ̀nà ire yóò ṣàn wá bá ọ láìdúró kí ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń ka ìwé yìí, má ṣe dìde lọ wo ògiri. Jókòó sínú ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébísọ́lá.