Ìdí Tí Mo Fi Dìde Kí Fíìmù Rẹ Tó Parí

Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Ajé.

Mujeebah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn tí o wà. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé o sì ń rí oorun sùn ju èmi lọ. Tèmi kì í ṣe àìsàn, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ìyá rẹ wà dáadáa, ó wà lọ́jà nídìí aṣọ tó ń tà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó ní o sọ fún òun lórí fóònù pé o kò ní gbé fíìmù náà jáde mọ́, nítorí pé mo dìde lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tí ẹ fi hàn wá nínú gbọ̀ngàn. O ní ìtìjú rẹ ló lé mi jáde. Ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́kọ́ńdìrì nìkan ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú fíìmù palẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú.

Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ṣe ti àtijọ́, fíìmù tí o tún ṣe yìí, a ò tíì fẹ́ra wa. Kámẹ́rà kan ṣoṣo, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́. Èmi ni ọkọ, àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà. Òun ni ìyàwó tí ẹnìkan ò mọ ilé rẹ̀, àkúdàáyà tó ti kú ní Kuta kó tó wá di aya lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọkọ kàn fẹ́ ṣe ohun tó yẹ, ó gbé iṣu àti obì, ó lọ kí àwọn àna rẹ̀. Wọ́n sì mú un lọ sí ojú oórì. Nígbà tó délé, iná ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò, ìyàwó ti lọ. Ó bu oúnjẹ náà, ó ń jẹ ẹ́. Ó parí síbẹ̀. Ohun tó bani lẹ́rù ni pé ọkùnrin náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó sì pàdánù.

Tìrẹ mọ́lẹ̀ ju tiwa lọ. Nígbà tí ẹ ya Ìwó látòkè, tí òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ bí ẹní, orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ìwọ tí o ṣe ìyàwó di funfun, tí o ń lé ọlọ́kadà kiri, ẹ̀rín ló pa mí. Fàsílátù aládùúgbò wa yíjú padà, ó ní, "Bàbá Mujeebah, ṣé irú ìyàwó tí ẹ fẹ́ ní Olúpọ̀nnà nìyí, tí ẹ fi rù báyìí?" Àkúdàáyà kì í lé èèyàn; èèyàn ló ń lé e. Ẹ tún sọ ọkọ di olè. Ẹ̀rù kì í bà mí nítorí olè.

Àfi ibì kan. Ọkọ ń di ẹrù láti lọ sí Kuta, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ò pariwo, o ní, "Ṣé èmi nìkan ò tó yín ni?" Gbólóhùn yẹn ò sí nínú tiwa. Mo yíjú sí ìyá rẹ. Kò wò mí. Ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ.

Mujeebah, mo ti ń di ẹrù. Abdulmajeed ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá bá òun ní Kùtọnu, pé iṣẹ́ wà. Mo ti gbà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ti sú mi, ara mi gan-an ti sú mi. Mo rò pé tí mo bá lọ síbòmíràn, n ó di ẹlòmíràn. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni mo lọ dúró sí, mi ò lè padà wọlé.

Nítorí náà, tiwa dára ju tìrẹ lọ, àfi níbi gbólóhùn yẹn. Ibẹ̀ ni tìrẹ ti dára ju ohunkóhun tí mo ti ṣe láyé mi. Bóyá mo ṣì í o. Gé ojú funfun yẹn kúrò, má jẹ́ kí ọkọ jalè, ṣùgbọ́n gbé e jáde. Mo ti sọ fún Abdulmajeed kó má retí mi lóṣù yìí. Mi ò sọ pé ọkàn mi ti balẹ̀. Tí ìyá rẹ bá ti ọjà dé, n ó sọ fún un fúnra mi. Jọ̀wọ́ má sọ ọ́ ṣáájú mi.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ, a ó sì máa gbọ́ ìròyìn rere rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Badrudeen.

Àfikún: Mi ò tíì lẹ àpòòwé nígbà tí ìyá rẹ dé. Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ti rí báàgì tí mo ń di ẹrù sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tipẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ fún ọ pé ìró òun tí o fi ṣe fíìmù, ọ̀dà pupa tí ẹ fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀, òmíràn lo máa rà. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí, ó ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bi yín ní ìbéèrè yẹn. Ẹnu ọmọ lẹ wá ti gbọ́ ọ."